Èédú àti Ìṣesí Kábọ́ọ̀nù

Erùpẹ̀ ni àwọn tí ń sun èédú ní agbègbè Ìlọrin fi ń bo igi wọn, kí ó má baà jó di eérú. Omi àti èéfín a jáde lára igi. Kábọ́ọ̀nù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ṣẹ́kù. Ọwọ́ mẹ́rin ni kábọ́ọ̀nù fi ń di nǹkan mú, ìyẹn ni a fi ń bá a nínú igi, nínú òrí àti nínú ọṣẹ.

Bí afẹ́fẹ́ bá tó nínú àdògán, átọ́ọ̀mù ọ́síjìn méjì ni kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ń dì mọ́. Bí kò bá tó, òmíràn a rí ẹyọ kan péré. Èyí ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì: kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó gbé àdògán wọ yàrá nígbà ọyẹ́, tí ó ti fèrèsé, lè fi àìsí èéfín (èédú gidi kì í kúkú rú èéfín) ṣe ẹ̀rí pé kò séwu, kí ó sì sùn láìjí.