Ẹ̀ka àtinúdá: àbá pọ̀ nílẹ̀, àṣẹ ló wọ́n

Ó ti di àṣà kí ilé-iṣẹ́ ńlá ní yàrá kan tí kò jọ ìyókù. Wọ́n á kun ògiri rẹ̀ ní ọ̀dà tó ń tàn yòò, wọ́n á kó àga tìmùtìmù sí i, kò sì sẹ́ni tó ń so táì mọ́rùn níbẹ̀. Ẹni tó ń darí rẹ̀ ń jẹ́ ọ̀gá àgbà fún àtinúdá, tàbí orúkọ mìíràn tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò ṣòro láti sọ: kó wá ohun tí ilé-iṣẹ́ yóò máa jẹ lọ́la kí oúnjẹ òní tó tán. Ẹnu dùn-ún rofọ́.

Irinṣẹ́ wọn kò ṣàjèjì sí òṣìṣẹ́ mọ́. Àpótí àbá ló dàgbà jù nínú wọn; ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Japan ti ń gba àbá lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ láti ọdún 1951, ó sì ń san owó díẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdíje tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ́jú, owó tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kékeré, àti àwọn agbaninímọ̀ràn tí wọ́n ń lẹ ìwé pélébé-pélébé mọ́ ògiri. Ní Èkó, báǹkì tí kò bá tíì ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí ti ń dà bí ẹni tí kò bá wọn dá aṣọ ẹbí.

Ìbéèrè tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń bá ara wọn fà ni pé, níbo ló yẹ kí ohun tuntun máa gbé?

Àwọn kan ní kó ní ilé tirẹ̀. Wọ́n á tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ báálù kan ní Amẹ́ríkà tó kó ìwọ̀nba ẹnjiníà sọ́tọ̀ lọ́dún 1943, tó sì dín fọ́ọ̀mù àti ìpàdé kù fún wọn. Ọjọ́ 143 ni wọ́n fi kan báálù ogun tó ń lo ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì. Clayton Christensen, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, fi ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1997 ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ó ní ohun tó ń pa ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ àṣekára gan-an ló ń pa á: ó ń gbọ́ ti oníbàárà tó lówó jù, ó ń fi owó sí ibi tí èrè ti dájú. Ohun tuntun a sì máa wá ní kékeré, ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú, láìní èrè gidi. Ọ̀gá tó mòye ìṣirò kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kejì ní ilé ọ̀tọ̀ a máa di ìgbèkùn. Lọ́dún 1975, ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá kan ní Amẹ́ríkà ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n fíìmù ló ń bọ́ gbogbo wọn, wọn kò sì fẹ́ kánjú pa ohun tó ń bọ́ wọn. Lọ́dún 2012, ilé-iṣẹ́ náà sáré lọ sílé ẹjọ́ kí àwọn tó jẹ ní gbèsè má bàa tú u ká. Àbá kò wọ́n wọn. Ẹni tí yóò fọwọ́ sí i ni kò sí.

Ibi tí mo fara mọ́ nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ka àtinúdá kan ń ṣiṣẹ́, ẹ fi iye àbá tó gbà lọ́dún sílẹ̀. Ohun tó rọrùn láti kà ni wọ́n máa ń kà. Ẹ bèèrè iye tó lè ná láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka tí ohun tuntun náà yóò gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka yẹn ló ń fọwọ́ sí i, ó dà bí ìgbà tí a pe adìẹ kó wá sọ ohun tí a ó fi se ọbẹ̀. Ẹ tún bèèrè ibi tí ẹni tó dán nǹkan wò tí kò yọrí wà báyìí. Bó bá ti pàdánù ìgbéga, tí ẹni tó káwọ́ gbera sì gba àjẹmọ́nú ọdún, àwọn òṣìṣẹ́ ti kẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Michael Tushman àti Charles O'Reilly, gbìyànjú láti parí ìjà náà lọ́dún 2004: kí ohun tuntun dá wà nísàlẹ̀, kó sì ní ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ lókè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èyí tọ́, àfi pé orí ọ̀gá pátápátá ni gbogbo ẹrù wá já lé, ọ̀gá kì í sì í pẹ́ lórí àga.

Ẹ wo ìwé pélébé tí àwọn agbaninímọ̀ràn ń lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 15 nínú 100 àkókò rẹ̀ ṣe ohun tó wù ú láti ọdún 1948. Àwọn tó ń wò wọ́n ṣe ti kéde irú ẹ̀ láìdín iṣẹ́ kù. Àkókò òmìnira wọn wá bọ́ sí ẹ̀yìn iṣẹ́. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó dá a sílẹ̀ pàápàá, 1968 ni wọ́n rí lẹ́ẹ̀ ìwé náà, 1980 ni wọ́n tó ń tà á káàkiri Amẹ́ríkà. Ọdún 12 gbáko. Ní Nàìjíríà, òfin báǹkì àpapọ̀ kò gba ọ̀gá àgbà báǹkì láyè ju ọdún 10 lọ, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń kéde èrè fún àwọn onípìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kan ni kíkun ògiri ń gbà. Abájọ tó fi jẹ́ pé ògiri ló máa ń kọ́kọ́ tán.