Fífi Ìwo Fa Ẹ̀jẹ̀: Ìwòsàn Àtijọ́ Tí Ó Gba Ìṣọ́ra

Àrùn la lè wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni ọmọ ẹ̀dá ti ń wá ohun tí yóò fi lé àrùn kúrò lára. Àwọn kan wá a lọ sínú igbó, wọ́n já ewé, wọ́n wa egbò. Àwọn mìíràn gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àrùn fara pamọ́ sí, wọ́n sì ní kí a fà á jáde. Ọ̀nà kejì yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí: fífi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní híjámà.

Ní ilẹ̀ wa, ọwọ́ àwọn onígbàjámọ̀ Haúsá, tí wọ́n ń pè ní wànsámì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ iṣẹ́ yìí. Níbi tí Haúsá bá tẹ̀dó sí láàárín wa, irú bí Sábó ìlú Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1916, iṣẹ́ wọn a máa bá wọn dé ibẹ̀. Ẹni tí ó ń fárí fún àgbà náà ni í dábẹ́ fún ọmọ, òun náà ni í sì í fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe pé àwa Yorùbá kò mọ abẹ lò fún ìwòsàn. Àwa náà ń sín gbẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà nínú méjèèjì: ẹni tí ó sín gbẹ́rẹ́ ń wá ọ̀nà tí oògùn yóò gbà wọlé sára ni, ẹni tí ó lẹ ìwo mọ́ ara ń wá ọ̀nà tí àrùn yóò gbà jáde.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà a mú ìwo màlúù kékeré tí ó ti lu ṣóńṣó orí rẹ̀. A gbé ẹnu rẹ̀ tí ó fẹ̀ lé ibi tí ó ń dun aláìsàn, a fi ẹnu ara rẹ̀ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, a sì dí ihò náà kíákíá. Nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ìwo bá ti dín kù, awọ ara a wú wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, a yọ ọ́, a fi abẹ sín ojú ibẹ̀ wẹ́wẹ́, a tún gbé ìwo lé e, ẹ̀jẹ̀ a sì máa jáde sínú rẹ̀. Àwọn kan kì í lo abẹ rárá. Fífà nìkan ni tiwọn. Lóde òní, ife dígí tàbí ife rọ́bà ti gba ipò ìwo lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń fi iná tàbí ẹ̀rọ kékeré fa afẹ́fẹ́ dípò ẹnu.

Ẹ má ṣe rò pé ilẹ̀ Haúsá nìkan ni èyí ti wá. Ìwé ìṣègùn àwọn ará Íjíbítì tí wọ́n ń pè ní Ebers, tí ó ti lé ní 3,500 ọdún, sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ fífà. Àwọn ará Ṣáínà àti Gíríìkì ìgbàanì mọ̀ ọ́n. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, hàdíìsì kà á mọ́ ohun tí ìwòsàn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oyin. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí fi gbà á gẹ́gẹ́ bí ìṣe Ànọ́bì. Bákan náà, Jean-Baptiste Debret, ayàwòrán ará Faransé tí ó gbé ní Bùràsíìlì, ya àwòrán adúláwọ̀ kan tí ó ń fi ìwo wo àwọn ènìyàn rẹ̀ sàn ní ìlú Rio de Janeiro. Àwòrán náà wà nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde láàárín ọdún 1834 sí 1839. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé ìtọ́jú ara wọn. Ní ìlú yẹn kan náà, ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2016, gbogbo ayé rí àmì róbótó ní èjìká Michael Phelps, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà. Ife ni wọ́n fi fa ara rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà gba ẹ̀jẹ̀ fífà gbọ́ gidigidi nígbà kan rí. Nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun dá George Washington lóró ní oṣù Kejìlá ọdún 1799, léraléra ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ó sì kú ní ọjọ́ 14 oṣù náà. Ní ọdún 1835, oníṣègùn ará Faransé kan, Pierre Louis, tẹ ìwé jáde nínú èyí tí ó ti ka àwọn aláìsàn tí ó fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn, tí ó sì fi wọ́n wéra. Ó rí i pé èrè rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ohun tí gbogbo ènìyàn rò. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú rẹ̀. Ìṣirò ni ó ṣẹ́gun àṣà, kì í ṣe ẹ̀gàn.

Ǹjẹ́ a lè wá sọ pé ìwo kò wúlò rárá? Rárá o. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé ó lè dín ẹ̀yìn dídùn àti ọrùn ríro kù fún ìgbà díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí náà kò tíì lágbára tó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí a là yé ara wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí ó dì nínú ìwo, a ní, “Ẹ ò rí i bí ẹ̀jẹ̀ mi ti bàjẹ́ tó!” Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwà ẹ̀jẹ̀ ni kí ó dì bí ó bá ti kúrò nínú iṣan, kí ó sì dúdú. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko yóò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni Ẹlẹ́dàá yàn láti máa fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í sinmi tọ̀sán-tòru.

Ibi tí ewu wà gan-an ni abẹ. Bí a bá fi abẹ kan sín ènìyàn méjì, ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni ìṣáájú lè wọ ara ẹni ìkẹyìn. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè fún ọjọ́ méje lórí irin tí a rò pé ó ti gbẹ. Éèdì àti tẹ́tánọ́ọ̀sì náà kò jìnnà. Ìwo tí a fi ẹnu fà tún lè ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀ ní ìjàǹbá. Kò sì yẹ kí a fa ẹ̀jẹ̀ lára aláboyún, ọmọdé, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tàbí ẹni tí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ewu kejì kò hàn sójú. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ lè lọ fa ẹ̀jẹ̀, kí ara rẹ̀ fúyẹ́, kí ó sì da oògùn dókítà nù. Àrùn náà kò lọ. Ó kàn dákẹ́ ni. Ọjọ́ tí yóò bá tún sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbà ni yóò fi sọ ọ́.

Ní ilẹ̀ Saudi Arabia, ìjọba ń fún àwọn tí ń ṣe híjámà ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì là á kalẹ̀ bí ìmọ́tótó wọn yóò ti rí. Wọn kò pa àṣà náà run, wọ́n tún un ṣe ni. Ó yẹ kí àwa náà rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ fa ẹ̀jẹ̀, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà mọ̀. Kí abẹ tuntun jáde nínú ìwé rẹ̀ lójú rẹ̀. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ wọ ìbọ̀wọ́, kí ife tí wọn yóò lò má ṣe jẹ́ èyí tí a ti lò fún ẹlòmíràn. Bí ó bá kọ̀, kí onítọ̀hún dìde, kí ó máa lọ sílé.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ná ọjà ìlera gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀nà tí ó gbà wò, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé e.