Ṣé o mọ̀? Wáyà tí kò dé abà

Ṣé o mọ̀ pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni àwa Yorùbá ń sọ nígbà tí a bá ní "mo tẹ̀ ẹ́ láago"? Nínú tẹlifóònù àtijọ́ tó máa ń jókòó sórí tábìlì, aago gidi ló wà níbẹ̀: irin rìbìtì méjì àti òòlù kékeré kan láàárín wọn. Kì í sì í ṣe iná ilé onífóònù ló ń lu aago náà. Láti ilé ẹ̀rọ NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba nígbà náà, ni wọ́n ti ń rán iná náà wá, bíi 90 fólítì, lórí wáyà tín-ín-rín méjì kan náà tí ohùn ń gbà. Òṣìṣẹ́ tó bá fi ọwọ́ tútù di wáyà náà mú lásìkò tí ẹnì kan ń pe oníbàárà yóò jó ijó tí kò ní ìlù.

Wáyà méjì yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó kúrò ní ilé ẹ̀rọ, ó gba orí òpó tàbí abẹ́ ilẹ̀, ó wọ pálọ̀ oníbàárà. Ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀. Bí ojóbó ọdẹ ló ṣe rí: ó ṣí sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí etí fóònù bá wà níjokòó, bí o bá ti gbé e sókè báyìí, ojóbó ti pa dé, iná ti ń ṣàn, ilé ẹ̀rọ sì ti mọ̀ pé o fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé tẹlifóònù NITEL kì í bá iná NEPA kú? Bátìrì ńláńlá tó wà ní ilé ẹ̀rọ ló ń fún un ní 48 fólítì tó ń lò, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́yìn bátìrì. Gbogbo àdúgbò lè ṣókùnkùn biribiri kí fóònù orí tábìlì ṣì máa dún. Ìyẹn bí olè kò bá tíì gé wáyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ olè ń bọ̀ níwájú.

Ṣé o rántí fóònù oníhò mẹ́wàá, èyí tí wọ́n ń ti ìka bọ̀ tí wọ́n ń yí? Bí o bá yí 3, ojóbó yẹn á ṣí, á sì pa dé, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí o bá yí 9, ó di ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Òdo jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ilé ẹ̀rọ ń kà á ni. Nítorí náà, àgádágodo kékeré tí àwọn bàbá onílé ń fi ti ojú fóònù kí ọmọ má baà pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Èkó, ìtura ọkàn lásán ni. Ọmọ tó bá gbọ́n yóò máa fi ìka gbá bọ́tìnnì tí etí fóònù ń jókòó lé, kíá kíá, iye ìgbà tí nọ́ńbà náà jẹ́, ìpè yóò sì lọ. Bíìlì ìparí oṣù ni bàbá yóò fi mọ̀.

Ta ló tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà? Almon Strowger, ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ètò ìsìnkú. Ó gbà pé ẹni tó ń fi ọwọ́ so wáyà pọ̀ ní ilé ẹ̀rọ ìlú òun ń darí àwọn olókùú òun sọ́dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn. Inú bí i, ó ronú ẹ̀rọ tí kò ní í nílò ẹni yẹn mọ́, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1891. Síbẹ̀, ní 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira, nínú ilé ẹ̀rọ 121 tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, 116 ló ṣì jẹ́ aláfọwọ́ṣe. Wàá yí ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ fóònù, ẹnì kan á dáhùn, wàá sọ ẹni tí o ń wá, wàá sì dúró.

Wáyà náà kì í ṣe méjì tó kàn dùbúlẹ̀ ti ara wọn. Wọ́n lọ́ wọn mọ́ra bí ẹni lọ́ okùn ni. Alexander Graham Bell ló gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n yìí ní 1881. Bí wáyà méjì bá tọ́ gbọọrọ, wọn yóò máa gba ariwo iná mànàmáná ẹ̀gbẹ́ wọn sára, ohùn aládùúgbò náà yóò sì máa yọ́ wọlé. Bí wọ́n bá lọ́ wọn, ariwo tó bá èkíní àti èyí tó bá èkejì á pa ara wọn.

Èyí tó wù mí jù nìyí, nítorí tiwa ni. Ṣé o mọ̀ pé tẹlifóònù oníwáyà kì í gbé ìsàlẹ̀ ohùn rẹ kọjá rárá? Ìró tó ń gbọ̀n láàárín ìgbà 300 sí 3,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ohùn ọkùnrin, níbi tí dò, re, mí ti ń wá, bíi 85 sí 155 ló ń gbọ̀n. Ti obìnrin, bíi 165 sí 255. Gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ 300. Ìyẹn ni pé ohun tí a fi ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ lára ọkọ, tí a fi ń ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ lára méjèèjì, wọ́n ti gé e dànù kó tó dé etí ẹni tí o ń pè. Báwo wá ni o ṣe ń sọ fún ìyá rẹ pé ọkọ̀ ti bàjẹ́, tí kò rò pé ọkọ rẹ lò ń wí?

Ọpọlọ ló ń ṣe é. Ohùn ènìyàn kì í dá rìn. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 120, ìlọ́po rẹ̀, 240, 360, 480, 600, ń tẹ̀lé e bí ọmọ ṣe ń tẹ̀lé ìyá lọ sọ́jà. Tẹlifóònù á gé 120 àti 240, á jẹ́ kí ìyókù kọjá. Ọpọlọ á wo àlàfo tó wà láàárín àwọn tó kù, á rí i pé 120 ni, á sì dá ìyá tí kò wá sọ́jà mọ̀ lára àwọn ọmọ rẹ̀. Dùndún gbé ohùn, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Tẹlifóònù gbé ọ̀rọ̀, ó fi ìsàlẹ̀ ohùn sílẹ̀. Yorùbá gbọ́ méjèèjì yékéyéké.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí oko wàyí. Ṣé o mọ̀ pé bíi kìlómítà 5.5 ni wáyà bàbà lásán lè gbé ohùn dé kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú? Bí ẹni fi kèrègbè jíjò pọnmi ni: bí ọ̀nà ṣe ń jìn ni omi ń dínkù. Wá fi ìyẹn wọn ilẹ̀ Ìbàdàn. Láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́níyà, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé fìdí sí, ó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Akánrán ní Ọ̀nà-Àrà, Lálúpọn ní Lágelú, Ẹ̀rúnmu ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò sí èyí tí ó wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí ohùn dé ibẹ̀, àfi kí o lo wáyà tó nípọn jù, kí o máa so kọ́ìlì tó ń gbé ohùn ró mọ́ ọn lójú ọ̀nà, tàbí kí o gbé odindi ilé ẹ̀rọ kékeré lọ bá wọn.

Èyí tó tún burú ni pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní wáyà méjì tirẹ̀. Ṣírò rẹ̀ wò: àgbẹ̀ mẹ́rin ní abà kan tó jìn ní kìlómítà 18. Wáyà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lọ́nà mẹ́rin: kìlómítà 144 bàbà, láì tíì ka òpó, láì tíì ka ẹni tí yóò máa ṣán igbó lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Ta ni yóò san án? Àwọn kan gbà pé ìjọba kórìíra ará oko. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kìlómítà 144 yẹn wà níbẹ̀, ìfẹ́ kò sì lè sọ ọ́ di 14.

Ṣé o mọ̀ pé okùn tẹligíráàfù abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù láti 1886? Ọdún yẹn náà ni Ìbàdàn àti Èkìtìpárapọ̀ tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì. Láàárín 1946 sí 1952, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sáàárín Èkó àti Ìbàdàn tó ń gbé ìpè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lórí wáyà kan. Mẹ́ta! Oníṣòwò kòkó kẹrin á ní sùúrù. Nígbà tó fi máa di 1960, ẹ̀ka tẹlifóònù 18,724 ló wà fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ju 40 mílíọ̀nù lọ. Oṣù kìíní 1985 ni wọ́n da apá tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, P&T, pọ̀ mọ́ NET tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, tí NITEL fi dáyé. Títí di 2001, ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ kò ju 400,000 àti díẹ̀ lọ.

Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965 ga ní àjà 26. Owó kòkó wà nínú rẹ̀, kòkó sì ń ti abà wá. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ti Dùgbẹ̀ padà sí abà? Awakọ̀. Ìwé pélébé nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì awakọ̀, tàbí kí wọ́n kàn sọ fún un pé "sọ fún ìyá Rísì pé ọmọ rẹ̀ ti bí ọkùnrin". Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú, wọ́n á san owó ìkéde ní rédíò, wọ́n á dárúkọ òkú, wọ́n á dárúkọ àwọn ọmọ, wọ́n á dárúkọ abà. Rédíò náà ń dé oko láìsí wáyà. Àléébù rẹ̀ kan ni pé o kò lè dá a lóhùn.

Mo ní ọ̀rọ̀ olè ń bọ̀. Bàbà níye lórí, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n ń gé e lóru, wọ́n ń fi iná sun ike ara rẹ̀ dànù, wọ́n ń tà á ní kílò-kílò fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Òṣìṣẹ́ so ó lọ́jọ́ Ajé, ó bá òpó ní ìhòòhò lọ́jọ́rú.

Ṣé o mọ̀ pé fóònù orí tábìlì kan wà nígbà kan tí kò ní wáyà rárá? Eríàlì ló ń lò. Starcomms, Multi-Links, àti O'Net tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Odù'a, lo irú rẹ̀. Wọ́n ní fóònù ilé ni, kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Ta ló gbọ́? Àwọn oníṣòwò ìpè gbé e sórí tábìlì lábẹ́ agboòrùn, létí títì. Ìjọba àpapọ̀ náà yá owó Ṣáínà, ó ní kí ZTE àti Huawei gbé irú tẹlifóònù aláìníwáyà bẹ́ẹ̀ lọ sí ìgbèríko.

Ṣùgbọ́n GSM ti dé ní oṣù kẹjọ 2001, ó sì jẹ gbogbo wọn run. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà. Bí o bá pe ènìyàn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, 50 ni wàá san. Ìdí nìyí tí gbogbo wa fi kọ́ bí a ṣe ń fíláàṣì. Oṣù kẹjọ 2003 ni Glo wọlé pẹ̀lú ìṣirò ìṣẹ́jú àáyá. Lábẹ́ òfin GSM, fóònù lè jìnnà sí òpó tó kìlómítà 35, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè àti igi kì í sábà gbà bẹ́ẹ̀. Fi 35 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 5.5. Ọ̀pọ̀ abà ní Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà ló gbé fóònù láìrí wáyà tẹlifóònù rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń gun orí òkúta tàbí wọ́n ń dúró sábẹ́ igi máńgòrò kan kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé.

Bí o bá kọjá níbi òpó GSM kan, wòkè. Nǹkan roboto tó dà bí ojú ìlù lára rẹ̀ ni òpó náà fi ń bá òpó mìíràn sọ̀rọ̀. Àwọn tí kò bá ní ìlù yẹn, okùn gíláàsì ló ń wọ ìdí wọn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Charles Kao ló fi hàn ní 1966 pé gíláàsì mímọ́ tó tín-ín-rín lè gbé ọ̀rọ̀ lọ jìnnà. 2009 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Gíláàsì kò níye lórí lọ́dọ̀ alálòkù irin. Wọ́n ṣì ń gé e o, nítorí olè kì í mọ̀ pé kì í ṣe bàbà àfi tó bá gé e tán.

Irú okùn gíláàsì tó ń wọ ilé báyìí ń dé kìlómítà 20 láti ilé ẹ̀rọ, láìsí kọ́ìlì, okùn kan ṣoṣo sì lè pín sí ilé 32 tàbí 64. Láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́níyà kò tó 20. Ó ku ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀.