Sísè nìkan kò tó: ohun tí ooru ń ṣe sí ewédò, láti òkun títí dé Odò Ọya ní Niamey

Bí ẹ bá ń gbé ní Niamey, ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ òkun. Láti ibẹ̀ dé Kútọnu tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà. Ṣùgbọ́n Odò Ọya gba àárín ìlú náà kọjá. Odò yìí kan náà ló ń ṣàn lọ sí Kebbi, Kainji àti Lọ́kọ́jà kó tó wọ inú òkun ní gúúsù Nàìjíríà. Ohun tó ń mú kí ewédò ya bo etíkun lè mú kó ya bo odò tí a ti ń pọn omi mímu.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá lónìí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé omi tí a bá ti sè kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan mọ́. Bó bá jẹ́ ti kòkòrò àrùn onígbáméjì, òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ti oró ewédò, kì í ṣe òótọ́ rárá.

Kí ni ewédò?

Ẹ ti rí i rí. Ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára òkúta létí odò, tàbí tó máa ń hù sínú táǹkì omi tí kò ní ìdérí, ewédò ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní algae. Òmíràn kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, òmíràn sì gùn bí okùn. Oòrùn ló fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ewéko orí ilẹ̀. Àwọn kéékèèké inú òkun ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń jáde lágbàáyé. Àwọn náà ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ ẹja. Bí kò bá sí wọn, kò ní sí ẹja Titus tí ẹ ń rà nínú yìnyín lọ́jà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló léwu. Ní agbègbè Adágún Chad, àwọn obìnrin Kanembu máa ń kó irú kan tí wọ́n ń pè ní dihé, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì fi se ọbẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń tà káàkiri ayé lónìí ní orúkọ spirulina. Inú ẹbí tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria ló ti wá. Ṣùgbọ́n inú ẹbí yìí kan náà ni àwọn mìíràn wà tó ń ṣe oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú òkun?

Ooru àfikún tí èéfín ọkọ̀, èéfín ilé iṣẹ́ àti igbó jíjó ń fà sórí ilẹ̀ ayé, òkun ló ń gba ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 rẹ̀. Bí ojú omi bá gbóná, omi gbígbóná á fúyẹ́, á dúró lókè. Omi tútù á wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ pò pọ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ ewédò wà. Nítorí náà, láàárín agbami, oúnjẹ lè wọ́n àwọn ewédò kéékèèké, ẹja tó ń jẹ wọ́n á sì dín kù. Òkun tún ń fa nǹkan bí ìdámẹ́rin carbon dioxide tí àwa èèyàn ń tú sáfẹ́fẹ́ mu. Èyí ń mú kí omi rẹ̀ máa kan díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ni àwọn ewédò tó ní ìkarahun bí ẹfun lára.

Etíkun yàtọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn odò ń gbé ajílẹ̀ oko, ìgbẹ́ àti omi ọṣẹ dé. Bí omi bá gbóná, tí oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ rú, ewédò á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Láti ọdún 2011 ni ewédò kan tó ń jẹ́ sargassum ti ń ya wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Sierra Leone, Ghana àti Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àwòrán láti ojú sánmà fi hàn pé ó tẹ́ rẹrẹ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé etí Mẹ́síkò, 8,850 kìlómítà, ó sì wúwo ju mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ. Bó bá jẹrà sí etíkun, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì máa ta èèyàn lójú, nímú àti lọ́fun.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, apẹja tó lé ní 500 ní agbègbè Dakar, lórílẹ̀-èdè Senegal, ti òkun dé pẹ̀lú egbò àti ara wíwú. Ìwádìí padà tọ́ka sí ewédò kékeré kan tó ń jẹ́ Vulcanodinium rugosum, èyí tó ń ṣe oró sínú omi.

Báwo ni èyí ṣe kan Niamey?

Àwọn àgbà ní ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ooru, oúnjẹ àti omi tó dúró sójú kan tó ń ru ewédò sókè létíkun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń pàdé ní Niamey nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án tí odò bá kún, omi á pupa, á máa sáré, amọ̀ inú rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí oòrùn wọlé jìnnà. Ewédò kì í rí àyè púpọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, odò á fà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1985, ó fà débi pé kò ṣàn mọ́ rárá ní Niamey. Oṣù kẹrin yìí kan náà ni ooru ọ̀sán ìlú náà máa ń kọjá 40 lójú ìwọ̀n Celsius. Omi á dá adágún káàkiri láàárín iyanrìn. Oúnjẹ ewédò náà kò jìnnà: àfonífojì Gountou Yéna ń kó omi ìdọ̀tí ìlú wọ odò, àwọn alágbàfọ̀ ń fọṣọ létí rẹ̀, àwọn olóko ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì sì ń lo ajílẹ̀ nítòsí.

Ìsédò ńlá Kandadji, tí wọ́n ń kọ́ ní nǹkan bíi 180 kìlómítà sókè odò, wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ fi máa dá omi sí fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n omi tí a sé mọ́ ibì kan ni cyanobacteria fẹ́ràn jù, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n máa yẹ omi ibẹ̀ wò déédéé.

A kò sọ pé omi Odò Ọya ti di oró. Ohun tí a ń sọ ni pé àkókò kan wà nínú ọdún tó yẹ kí ẹ lajú sílẹ̀.

Kí ló dé tí sísè kò fi tó?

Iná ń pa kòkòrò. Oró ewédò kì í ṣe kòkòrò. Ẹ wò ó bí iyọ̀ tí a ti pò mọ́ omi: bó ti wù kí ẹ sè é tó, iyọ̀ kò ní kúrò, omi ló máa ń dín kù. Èyí tó wá burú ni pé inú ara ewédò ni oró yìí máa ń wà. Bí a bá sè é, tàbí tí a da oògùn apakòkòrò sí i, ara ewédò á bẹ́, oró á sì tú sínú omi. Álọ́ọ̀mù àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi lè yọ ẹrẹ̀, wọn kò lè yọ oró tó ti yòrò.

Ní ọdún 1996, ní ìlú Caruaru lórílẹ̀-èdè Brazil, wọ́n fi omi adágún tí wọn kò tọ́jú dáadáa fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn kíndìnrín. Oró cyanobacteria wà nínú omi náà. Ẹ̀dọ̀ nǹkan bí 100 nínú wọn bàjẹ́, àwọn tó lé ní 50 sì kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìjọba ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fáwọn aráàlú pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì sè é, nítorí oró yìí kan náà.

Kí lẹ lè ṣe?

Ẹ wo ojú omi kí ẹ tó pọn ọ́n. Bó bá dà bí ọbẹ̀ ewédú tí wọ́n dà sílẹ̀, tàbí bí ọ̀dà àwọ̀ ewé, ẹ má pọn ọ́n, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn wọ̀ ọ́.

Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti tọ́jú ní Goudel tàbí Yantala ló sàn jù fún mímu. Bó bá jẹ́ ọwọ́ àwọn ga-ruwa tó ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri lẹ ti ń ra omi, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n.

Ẹ máa de táǹkì àti àgbá omi yín, ẹ má gbé e sínú oòrùn. Ewédò kò lè hù níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Bí inú rẹ̀ bá ti ń yọ̀, ẹ da omi rẹ̀ nù kí ẹ fọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá ra ẹja odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kó ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dànù, nítorí ibẹ̀ ni oró máa ń pọ̀ sí jù. Ẹ má he ẹja tó kú léfòó.

Bí ara bá ń yún èèyàn lẹ́yìn tó wẹ̀ lódò, kó fi omi mímọ́ ṣan ara kíákíá. Bó bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ibà pọ́njú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ irú omi tó mu fún dókítà. Ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru gbọ́dọ̀ máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà kó tó débẹ̀.

Ẹ má torí gbogbo èyí pa omi sísè tì. Bí omi kò bá ní àwọ̀ ewé, tí ẹ kò sì mọ̀ bó mọ́, ẹ sè é, nítorí onígbáméjì ṣì ń pa èèyàn ní agbègbè wa. Ẹ sì rántí ibi tí odò yìí ń lọ: omi ọṣẹ àti ìdọ̀tí tí a bá dà sí i ní Niamey, ẹlòmíràn tó ń pọn omi ní Kebbi ló máa bá a.