Bí Oníbàárà Ṣe Lè Tètè Rí Igi Ẹ̀gẹ́ Yín Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, igi ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti gé kì í dúró de oníbàárà. Bó bá pẹ́ nílẹ̀, á gbẹ, kò sì ní hù dáadáa mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá polówó rẹ̀ lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì bíi Jiji, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń wá a tètè rí i.

Oníbàárà kì í yẹ gbogbo àtẹ wò. Ó máa ń tẹ orúkọ ohun tó fẹ́ ni. Ìpolówó tó ní orúkọ náà ló máa ń jáde sí i. “Ọjà oko wà o” kò lè ràn yín lọ́wọ́.

1. Ẹ kọ orúkọ ọjà àti irú rẹ̀ sí àkọlé, bíi “Cassava stem TME 419”. Ẹ fi “igi ege” kún un nísàlẹ̀.
2. Ẹ kọ ìlú yín, iye ìdì tó wà, iye igi inú ìdì kan, àti owó rẹ̀.
3. Ẹ ya fọ́tò igi tiyín gan-an.
4. Bó bá tà tán, ẹ yọ ìpolówó náà kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn wá ọjà yín wò. Bí ẹ kò bá rí i, oníbàárà náà kò ní rí i. Ẹ tún àkọlé rẹ̀ kọ lọ́jọ́ náà gan-an.