Òjò Ti Ṣú ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú Ẹ Múra: Ojú Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ Yìí

Bóyá inú dánfó lẹ wà, bóyá ẹ ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakodò, ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo wa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, àǹtí mi tó máa ń ra ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, “Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀ níbí o. Tètè kó aṣọ wọlé.” Mo wo òkè, oòrùn ń ràn yòò ní Ìkòròdú. Mo wo fóònù mi, àwòrán oòrùn náà ló wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí àbúrò mi máa lọ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Marina.

Kò ju wákàtí kan lọ, ìjì dé. Aṣọ mi fò wọ gọ́tà. Awakọ̀ ojú omi tó ti rí i pé ìlà-oòrùn ti dúdú ló kọ̀ jálẹ̀, kò gbéra. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, àárín ọ̀sà ni ìjì ìbá ká àbúrò mi mọ́. Látọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, báwo ni Ẹ̀pẹ́ ṣe mọ̀ kí fóònù mi tó mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìkùukùu. Ẹ gbé ike omi tútù jáde nínú fíríìjì, ẹ gbé e sórí tábìlì. Láìpẹ́, ara rẹ̀ á máa làágùn. Omi yẹn kò jò látinú ike o. Inú afẹ́fẹ́ yàrá ló ti wá: oru omi tí ojú ò lè rí ló kan ara ike tó tutù, ló bá di omi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run náà nìyẹn. Lọ́sàn-án, oòrùn máa ń mú ilẹ̀ gbóná ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná orí ilẹ̀ á gòkè, afẹ́fẹ́ tó tutù, tó kún fún ọ̀rinrin, á sì ti orí òkun àti ọ̀sà wọlé wá rọ́pò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gòkè ló ń tutù, bí ìwọ̀n 10°C fún kìlómítà kan. Tó bá tutù dé àyè kan, oru omi inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ eruku, èéfín tàbí iyọ̀ òkun tó ń fò kiri, á sì di ẹ̀kán omi tín-tìn-tín. Ibẹ̀ gan-an ni ìkùukùu ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ẹ̀kán yìí kéré débi pé bíi mílíọ̀nù kan wọn ló ń para pọ̀ di ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo.

Ọdún 1802 ni Luke Howard, apòògùn kan ní London, fún àwọn ìkùukùu lórúkọ tí a ṣì ń lò. Cumulus lèyí tó dà bí òwú. Òkìtì ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Látìn. Tí òkìtì yẹn bá ń ga sí i títí tó fi kọjá kìlómítà 10, ó ti di cumulonimbus, ìkùukùu àrá nìyẹn.

Wàyí o, àṣírí àǹtí mi rèé. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí wa lára nílẹ̀ sábà máa ń ti orí òkun wá, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4, ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ìjì ńlá tó máa ń tò bí ògiri, tó wọ́pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ àti òpin àsìkò òjò, ti òkè yẹn ló ń tẹ̀ lé: láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ìlà-oòrùn Ìkòròdú ni Ẹ̀pẹ́ wà, tí a bá sì wọ̀n ọ́n tààrà, bíi kìlómítà 50 náà ni. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí kan. Kì í ṣe gbogbo òjò ló ń rìn bẹ́ẹ̀ o. Òmíràn wà tó jẹ́ pé orí wa níbí ló ti ń ṣú.

Ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́? Oṣù Òkítóbà la wà, òjò ń palẹ̀ mọ́. Bí àsìkò yìí ṣe máa ń rí ni kẹ́ ẹ retí: kùrukùru díẹ̀ láàárọ̀, oòrùn lọ́sàn-án, àrá àti òjò tó bá di ìrọ̀lẹ́. Tí fóònù yín bá kọ 60% sí òjò, kò sọ pé òjò á gba ìdajì ọjọ́ náà kọjá. Ohun tó ń sọ ni pé, nínú ọjọ́ 10 tó bá rí báyìí, òjò á rọ̀ ní bíi mẹ́fà. Ẹ máa wo ìkìlọ̀ NiMet náà, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin tó ń wọkọ̀ ojú omi, tó bá ṣeé ṣe, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ wo ìlà-oòrùn kẹ́ ẹ tó wọlé. Tí atẹ́gùn tútù bá ṣàdédé fẹ́, ìjì ti dé ìtòsí nìyẹn, ẹ dúró. Tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán. Mẹ́ta-mẹ́ta ló dúró fún kìlómítà kan. Life jacket kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o, ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì dè é.

Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Èmi ti fi nọ́ńbà àǹtí mi sókè pátápátá lórí fóònù mi. Ẹni tó bá ní èèyàn ní Ẹ̀pẹ́, kó máa gbé ìpè wọn. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.