Ìwé Kan Di Ọjà Púpọ̀

Ìwé ìtàn lè bí ọjà mìíràn. Ẹ jẹ́ ká wo ti Beatrix Potter, obìnrin ará Ìlú Ọba. Ní 1902, ìwé rẹ̀ nípa ehoro kan, Peter Rabbit, jáde, ó sì tà wàràwàrà. Ní 1903, ó ṣe ọmọlangidi ehoro náà, ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ tà, àfi kó gbàṣẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ ìwé náà kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan níbẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ tà, Potter kò sì rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó kú ní 1943. Ní 2018, wọ́n fi ehoro náà ṣe sinimá.

Ẹ̀yin ará wa, iṣẹ́ tí a kò bá fi ìwé dè, ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n bá gbé wá, ẹ jẹ́ ká kà á tán ká tó fọwọ́ sí i.